Wọ́n ní PIP ò tọ́ sí i: ibi tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ń yí padà

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ò tíì gbà títí di ìsinsìnyí ni pé PIP, owó tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún ẹni tí àìsàn tàbí ìpèníjà ara ń dí lọ́wọ́, kì í sanwó fún àìsàn fúnra rẹ̀. Èèyàn lè ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti làkúrègbé pọ̀, kí ìwé dókítà kún àpò, kí wọ́n sì fún un ní òdo. Ẹlòmíì wà tí wọn ò tíì mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é, á sì gbowó. Tí lẹ́tà "a ò fún yín" bá wá dé sí Peckham tàbí Manchester, tí wọ́n yà á ní fọ́tò, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí ní Òṣogbo, ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo ilé á sọ ni pé "ṣé wọn ò gbà pé ara Mọ́mì ò yá ni?" Wọ́n gbà o. Wọ́n lè ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà yẹn gan-an pé àwọn mọ̀ pé ó nira fún un. Nǹkan mìíràn ni wọn ò gbà, nǹkan yẹn ló sì yẹ ká jọ wò.

Ká yára kọjá ibi tí kò gbádùn. Personal Independence Payment, April 2013 ló bẹ̀rẹ̀, òun ló rọ́pò Disability Living Allowance (DLA) fún àwọn tó ṣì wà ní ọjọ́ orí iṣẹ́. DWP, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí owó ìrànwọ́, ló ń bójú tó o ní England àti Wales, Scotland ti ní tiwọn lọ́tọ̀. Kò kan iye tó wà ní báńkì, kò sì kan bóyá èèyàn ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí fisa rẹ̀ sọ pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan public funds, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba, kó má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá, nítorí ìyẹn lè ba ìwé ìgbélùú jẹ́. Àmọ́ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i tó wá pe ẹjọ́, ẹjọ́ yẹn ò kan páásìpọ́ọ̀tù ẹnikẹ́ni, kí àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ń sọ pé "má bá ìjọba òyìnbó fa wàhálà, wọ́n á dá ẹ padà sílé" jọ̀ọ́ fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun méjìlá ni wọ́n fi ń wọn èèyàn. Mẹ́wàá jẹ́ ti ojoojúmọ́: oúnjẹ sísè, oúnjẹ jíjẹ, oògùn, ìwẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, aṣọ wíwọ̀, ọ̀rọ̀ sísọ, ìwé kíkà, bíbá èèyàn da nǹkan pọ̀, àti owó níná. Méjì tó kù jẹ́ ti ìrìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní póìǹtì tiẹ̀, tí àròpọ̀ abala kan bá pé 8, owó kékeré, tó bá pé 12, owó ńlá. Fún ti ojoojúmọ́, ní ọdún owó tó bẹ̀rẹ̀ ní April 2025, 8 jẹ́ £73.90 lọ́sẹ̀, 12 jẹ́ £110.40. Tó bá jẹ́ 7, kọ́bọ̀ kò sí. Ẹ wá wo bí 8 yẹn ṣe ń pé: obìnrin kan tí orúnkún àti ọwọ́ ń dùn, ó ń jókòó lórí àga pálásítíìkì nínú ilé ìwẹ̀ kó má baà ṣubú, 2. Irin tó ń dì mú kó tó lè dìde lórí ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀, 2. Ọ̀bẹ pàtàkì tí wọ́n ṣe fún ẹni tí ìka ò ká dáadáa, 2. Ohun èlò tó fi ń fa ìbọ̀sẹ̀ wọ̀, 2. Ó pé nìyẹn. Kò sí èyí tẹ́ ẹ máa sọ fún aládùúgbò pé ó yẹ kí wọ́n tìtorí rẹ̀ sanwó nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sí ìkankan nínú wọn tí màmá náà kọ sínú fọ́ọ̀mù. Làkúrègbé ló kọ, ó fà á nílà lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tó wá dùn jù nínú gbogbo òfin yìí nìyí, lójú tèmi. Òfin ò fi ẹnu lásán béèrè pé "ṣé o lè ṣe é?" Ó ní kí wọ́n má kà á sí pé èèyàn lè ṣe nǹkan àfi tó bá lè ṣe é láìséwu, kó ṣe é bó ṣe yẹ kó rí, kó tún lè ṣe é léraléra bó bá ṣe yẹ, kó má sì gbà ju ìlọ́po méjì àsìkò tí ẹni tí ara rẹ̀ dá máa fi ṣe é. Ó sì gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tó ju ìdajì lọ. Ẹ fi sí oúnjẹ sísè. Oúnjẹ ẹnì kan péré ni wọ́n ń sọ, èyí tí wọ́n fi èròjà tútù sè, lórí sítóòfù tí kò rẹlẹ̀ ju ìbàdí lọ. Nítorí náà ẹ má lọ sọ fún wọn pé ẹ ò lè gúnyán mọ́, ìyẹn ò ní póìǹtì rárá. Ẹ sọ ti iṣu bíbó: pé ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́, pé ó gé àtàǹpàkò, pé ohun tí ẹlòmíì ń fi ogún ìṣẹ́jú ṣe ń gba wákàtí kan, pé tó bá sè é lónìí kò ní lè wọ kíṣìnnì lọ́la. Ìrìn náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá lè rìn ju 20 mítà lọ gba 12 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, 20 mítà yẹn ò sì ju mọ́tò mẹ́rin tó tò tẹ̀lé ara wọn lọ. Ẹni tó rìn ín lẹ́ẹ̀kan tó wá jókòó mí hẹlẹhẹlẹ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó lè tún dìde, lójú òfin, kò tíì lè rìn ín.

Àmọ́ ẹ gbọ́ bá a ṣe ń ba ẹjọ́ ara wa jẹ́. Ẹni tó ń bá DWP ṣe àyẹ̀wò pe Mọ́mì lórí fóònù. Báwo lara? "A dúpẹ́." Àlàáfíà ni? "Àlùhámúdùlílàì, kò le jù." Ṣé ẹ lè dáná fúnra yín? "Mo ń gbìyànjú." Ẹ lè wẹ̀? "Ẹ̀hẹn, ta ni ká tún ní kó wẹ̀ mí?" Tẹ́ ẹ bá tọ́ èèyàn dàgbà ní Òṣogbo, kò sí bó ṣe máa dáhùn tó máa yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tí wọ́n bi bó ṣe jí kì í bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìrora rẹ̀ sílẹ̀ fún àlejò, a kì í fi ẹnu ara ẹni ṣépè fún ara ẹni, ẹlòmíì tiẹ̀ gbà pé tóun bá ti fi ẹnu òun sọ ọ́, òun ti fàṣẹ sí i nìyẹn. Ẹni tó ń kọ̀wé lódì kejì ò mọ ìkankan nínú èyí. Ó kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ: ó ní òun ń ṣe dáadáa, ó ń dáná, ó ń wẹ̀ fúnra rẹ̀. Òdo, òdo, òdo. Tó bá wá jẹ́ ojúkojú ni, á buru jù, nítorí Mọ́mì á wé gèlè, á wọ bùbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó múra dáadáa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bá a gbé apá wọnú bùbá láàárọ̀ yẹn, tó kúnlẹ̀ wọ bàtà fún un, orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ parọ́ o. Ìdajì òótọ́ la máa ń sọ, ìdajì tó kù la fi ń ṣe ọmọlúàbí.

Lẹ́yìn lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ ni mandatory reconsideration, ìyẹn ni pé kí DWP fúnra wọn tún ìpinnu náà yẹ̀ wò. Oṣù kan ni wọ́n fún èèyàn láti béèrè fún un, látọjọ́ tí wọ́n kọ sórí lẹ́tà, kì í ṣe ọjọ́ tí lẹ́tà délé. Ó ṣeé ṣe lórí fóònù tàbí nínú ìwé, èyí tó bá jẹ́ ìwé ló dáa jù. Ṣé ẹ mọ onígàárì ní Ọjà Ọba tẹ́ ẹ ra kọ́ńgò mẹ́rin lọ́wọ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ délé tó dà bíi pé kò pé, tẹ́ ẹ gbé e padà? Kò ní bínú. Á ní ẹ gbé e wá, ká tún un wọ̀n, á pe ọmọ ẹ̀ pé kó wá wọ̀n ọ́n lójú yín kẹ́ ẹ má baà ní òun ṣe màgòmágó, ọmọ á gbé kọ́ńgò kan náà tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí ẹ̀ wọnú, á wọ̀n ọ́n, á sì pé mẹ́rin géérégé. Kí lẹ fẹ́ sọ? Mandatory reconsideration nìyẹn gẹ́lẹ́: ọwọ́ mìíràn, kọ́ńgò kan náà. Nígbà mìíràn wọ́n á ju ènì lé e, póìǹtì 2 níbí, 2 lọ́hùn-ún, àmọ́ ènì tí kò sọ ọ́ di 8 kò lè se ẹ̀bà. Òfin ò sì fún DWP ní gbèdéke ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn, àwa la ní oṣù kan. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ràn ìpele yìí ni pé ọ̀pọ̀ ló ń rò pé òun ni ẹjọ́ náà, tí "rárá" kejì bá dé, wọ́n á ní Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, wọ́n á jókòó. Ẹjọ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́tà "rárá" kejì yẹn gan-an ni tíkẹ́ẹ̀tì, kẹ́nikẹ́ni má sọ ọ́ nù. Èèyàn ní oṣù kan mìíràn láti fi kọ̀wé sí tribunal, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yìí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lórí fọ́ọ̀mù SSCS1, kọ́bọ̀ ò jáde. Ẹni tó bá sì gbọ́ tribunal ní Òṣogbo, ẹjọ́ gómìnà ló máa wá sí i lọ́kàn, January 2023 tí gbogbo ìlú dúró wámúwámú, lọ́yà ńláńlá, ọlọ́pàá lẹ́nu géètì. Èyí ò jọ ọ́ rárá. Yàrá kékeré ni, tábìlì kan, ẹnikẹ́ni ò dé wíìgì, kò pọn dandan kéèyàn mú lọ́yà, ó sì wọ́pọ̀ kí DWP má rán ẹnikẹ́ni wá. Àwọn mẹ́ta ló jókòó: adájọ́ kan, dókítà kan, àti ẹnì kan tó mọ ìgbésí ayé ẹni tó ní ìpèníjà ara, bóyá nítorí pé òun náà ní in tàbí pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo gbóríyìn fún ẹni tó ronú kan ẹnì kẹta yẹn. Adájọ́ mọ òfin, dókítà mọ eegun, àmọ́ ẹnì kẹta ló máa béèrè pé nígbà tẹ́ ẹ jáde nílé ìwẹ̀, ta ló nu ẹ̀yìn yín?

Kọ́ńgò tiwọn ni wọ́n gbé wá. Wọn kì í ṣe ọmọ abẹ́ DWP, ohun tí DWP kọ ò dè wọ́n, látìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn ọ̀rọ̀. Wọn ò ní béèrè "ṣé ẹ lè rìn?" Wọ́n á ní: báwo lẹ ṣe débí lónìí? Takisí já yín sílẹ̀ níbo? Látibẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ dúró? Ẹ̀ẹ̀melòó? Kí lẹ dì mú? Kó o tó mọ̀, ẹni tó ń sọ "a dúpẹ́" látàárọ̀ ti ń ṣàlàyé, nítorí ìbéèrè yẹn ò jẹ mọ́ ìkíni mọ́. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ò rọrùn fún lè béèrè ògbufọ̀ Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́, kó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ni, kó má gbára lé pé ọmọ òun á túmọ̀. Wọ́n tún máa ń béèrè bóyá ẹ fẹ́ wá fúnra yín, tàbí lórí fóònù, tàbí fídíò, tàbí kí wọ́n kàn ka ìwé. Ẹ má mú ìwé kíkà lásán. Àwọn tó bá wọn sọ̀rọ̀ ń borí ju àwọn tí wọ́n ka ìwé wọn lọ, kò sì yani lẹ́nu, ìwé yẹn náà ló ti pa wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ti pẹ́ tó ti jẹ́ pé ó ju ìdajì ẹjọ́ PIP tí wọ́n gbọ́ ní tribunal tó ń yí padà. Àwọn kan ń pe ìyẹn ní àánú adájọ́. Àánú kọ́ o, kọ́ńgò àkọ́kọ́ ni kò dáa.

Ohun méjì ló yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún. Èkíní, ọjọ́ tí DWP ṣe ìpinnu ni wọ́n máa wò. Tí ara bá ti burú sí i lẹ́yìn ìgbà náà, ẹjọ́ yìí ò ní gbé e, DWP ni wọ́n máa sọ fún. Lẹ́tà dókítà tuntun ṣì wúlò tó bá sọ bí nǹkan ṣe rí nígbà yẹn. Èkejì, ẹni tí wọ́n ti fún ní díẹ̀ tó ń wá púpọ̀, tribunal lè gba díẹ̀ yẹn náà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n kìlọ̀ fún un kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lè ní òun ò ṣe mọ́. Bí DWP bá pè lórí fóònù kó tó di ọjọ́ ẹjọ́ pé àwọn fẹ́ fi kún un, ẹ bi wọ́n pé póìǹtì mélòó, lórí kí ni, kẹ́ ẹ tó ní ẹ gbà. Tí tribunal bá sì ṣì sọ pé rárá, Upper Tribunal, èyí tó ga jù ú lọ, ló kù, àmọ́ àṣìṣe òfin nìkan ni ìyẹn ń gbọ́.

Fún àwọn tó ń wálé: PIP kì í dúró torí pé èèyàn wá sí Òṣogbo fún ọdún Òṣun lóṣù kẹjọ, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 13 lẹ́yìn odi tó bá jẹ́ pé ó máa padà, tó bá jẹ́ ìtọ́jú ara ló wá gbà, 26. Lẹ́tà ni ìṣòro. Ó lè wà lórí kápẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà ní London kí oṣù kan ti máa lọ. Kí wọ́n fún ẹnì kan ní kọ́kọ́rọ́ kó máa ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Tí oṣù kan bá ti kọjá, wọ́n ṣì lè béèrè títí dé oṣù 13 látọjọ́ ìpinnu, pẹ̀lú ìdí tó yè kooro, DWP sì lè kọ̀ ọ́. Ẹ má sì rò pé tí ọjọ́ ẹjọ́ bá bọ́ sí àsìkò tí Mọ́mì wà ní Òkè-Fìà ní Òṣogbo, ẹ máa kàn tan fídíò fún un ní pálọ̀. Kóòtù òyìnbó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá orílẹ̀-èdè tó wà gbà kéèyàn jẹ́rìí láti ibẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí wọn kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹ ní kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú.