Àjíǹde Kì í Ṣe Àkúdàáyà: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Ọdún Àjíǹde

Lọ́dọọdún ni ìjọba àpapọ̀ ń kéde ìsinmi ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Ajé fún ọdún Àjíǹde, lọ́dọọdún náà ni ìbéèrè sì ń tẹ̀lé e. Ní 2024, ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni a ṣe é. Ní 2025, ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin. Ní 2026, ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan tún ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn, pé orúkọ Ishtar, òrìṣà Bábílónì kan, ni wọ́n fi sọ ọdún náà, àti pé ẹni tó bá ṣe é ti bọ òrìṣà láìmọ̀. Láti Aké dé Lafẹ́nwá ní Abẹ́òkúta yìí, ọ̀rọ̀ yìí ti kó àwọn èèyàn lọ́kàn sókè. Ẹ jẹ́ ká dáhùn wọn.

Kí ló dé tí ọjọ́ rẹ̀ kì í dúró sójú kan bíi ti Kérésìmesì?

Òṣùpá ni wọ́n ń tẹ̀lé. Àsìkò Ìrékọjá àwọn Júù ni wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú, òṣùpá ni àwọn Júù sì fi ń ka oṣù wọn. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nísíà ní ọdún 325 fẹnu kò pé kí gbogbo ìjọ máa ṣe é ní ọjọ́ Àìkú kan náà. Ìlànà tó wá fìdí múlẹ̀ ni pé ọjọ́ Àìkú tó bá tẹ̀lé òṣùpá tó kún ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, tàbí èyí tó kọ́kọ́ kún lẹ́yìn ọjọ́ náà, ni Àjíǹde. Ìdí nìyẹn tí kì í fi ṣáájú ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, tí kì í sì í kọjá ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin. Àwọn Mùsùlùmí ilé wa ń wá òṣùpá tuntun kí wọ́n tó gbààwẹ̀. Òṣùpá tó kún ni ti ìjọ, inú ìwé ìṣirò ni wọ́n sì ti ń wò ó, kì í ṣe ojú ọ̀run.

Ṣé ọjọ́ kan náà ni gbogbo Kristẹni lágbàáyé ń ṣe é?

Rárá. Púpọ̀ nínú àwọn ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ṣì ń fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ ka tiwọn. Ní 2025, ó ṣe kòńgẹ́.

Ṣé òótọ́ ni pé orúkọ òrìṣà ni?

Ẹni tó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ń bá èdè Gẹ̀ẹ́sì jà. Bede, àlùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ ọ́ ní ọdún 725 pé inú orúkọ oṣù kan ni Easter ti wá, pé àwọn baba ńlá wọn sì fi orúkọ abo òrìṣà kan, Eostre, sọ oṣù náà. Ishtar ti Bábílónì kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Ìró wọn ló jọra. Àwọn Jámánì ní orúkọ tó bá ti Gẹ̀ẹ́sì tan, ṣùgbọ́n Pâques ni àwọn Faransé ń pè é, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí Ìrékọjá. Àwa ńkọ́? A wo ohun tó ṣẹlẹ̀, a sì fi sọ ọdún náà: ó jí, ó dìde. Kódà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 12:4, níbi tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ti kọ "Easter", "Ìrékọjá" ni Bíbélì Yorùbá kọ, òun gan-an ló sì bá èdè Gíríìkì mu. Ẹni tó bá kí yín pé "Ẹ kú ọdún Àjíǹde" kò dárúkọ òrìṣà kankan.

Láti ọjọ́ Ẹtì sí àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ṣé ọjọ́ mẹ́ta ni?

Bẹ́ẹ̀ ni, kò sì yẹ kó ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti yé. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni à ń sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ kẹjọ la sì ń pè é. Ọjà ọrọọrún tí wọ́n ná lónìí, ọjọ́ mẹ́ta péré ló máa wà láàárín kí wọ́n tó tún un ná. Bí mo bá sì dúró lọ́jọ́ Àìkú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìjẹta ni màá pè é. Ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ wà lára iye. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Júù náà ń kà á: Ẹ́sítérì ní kí wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, tọ̀sán tòru, ọjọ́ kẹta gan-an ló sì wọlé tọ ọba lọ (Ẹ́sítérì 4:16, 5:1).

A mọ Babátúndé, a mọ àkúdàáyà. Kí ló wá yàtọ̀ nínú àjíǹde?

Ìbéèrè yìí ló wù mí jù, torí ibi tí mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọdún náà gbọ́ nìyí.

Babátúndé jẹ́ ọmọ tuntun. Ìyá lóyún rẹ̀, ó bí i, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, òkú bàbá àgbà sì ṣì wà ní sàréè rẹ̀. Jésù kò padà wá bí ọmọ ẹlòmíràn. Sàréè ṣófo, àpá ìṣó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi han Tómásì.

Ti àkúdàáyà ló tún gba àlàyé jù. Àwọn àgbà ní ẹni tó kú láìtọ́jọ́ lè lọ gbé ní ìlú míràn, kó fẹ́yàwó, kó bímọ, kó máa bá òwò rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ará ilé rẹ̀ bá ṣèèṣì rí i lọ́jà tó sì pè é lórúkọ, ó tán. Wọn ò ní rí i níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń sá fún. Ẹ wá wo Jésù. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ló wá kiri. Inú Jerúsálẹ́mù tí wọ́n ti pa á ló ti kọ́kọ́ fara hàn. Nígbà tí àyà àwọn ọmọ ẹ̀yìn já, ó ní kí wọ́n fọwọ́ kan òun, pé iwin kì í ní ẹran àti egungun. Ó gba ẹja sísun, ó sì jẹ ẹ́ lójú wọn (Lúùkù 24:39-43).

Kò tún dà bíi ti Lásárù, tó jí dìde tó sì tún padà kú. Èyí kò ní kú mọ́.

Kí ni èyí wá túmọ̀ sí fún àwa?

Pọ́ọ̀lù pè é ní àkọ́so àwọn tó ti sùn (1 Kọ́ríńtì 15:20). Àgbẹ̀ ló máa tètè gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bí iṣu bá jáde nínú ebè àkọ́kọ́, ẹ ti mọ ohun tó wà nínú ìyókù oko. Ohun tí ọdún náà ń sọ nìyẹn: àwọn tí a sin yóò padà, a ó sì dá ara wa mọ̀.

Abẹ́òkúta yìí ti rí díẹ̀ lára irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn, òun àti Àfàlá ìyá rẹ̀ sì pínyà. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther dé ìlú yìí ní 1846, ìyá rẹ̀ wá bá a. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá di òun lọ́wọ́ mú, ó ń gbọ̀n, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń pe òun ní àwọn orúkọ tí wọ́n ń pe òun ní kékeré. Nǹkan bí ọdún 25 ti kọjá. Kì í ṣe pé ìyá tàbí ọmọ kú tó sì jí nínú ìtàn yẹn, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ "àjíǹde", ọwọ́ ìyá tó ń gbọ̀n yẹn ni mo máa ń rántí.

Kí ló dé tí à ń lọ sí "Gálílì" lọ́jọ́ Ajé?

Nítorí ohun tí Jésù sọ fún àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń ti ibi sàréè bọ̀: kí àwọn arákùnrin òun lọ sí Gálílì, ibẹ̀ ni wọn yóò ti rí òun (Mátíù 28:10). Gálílì ni ilé wọn, ibẹ̀ ni Pétérù ti ń pẹja. Ibi iṣẹ́ wọn ló lọ bá wọn, ó dáná, ó pèsè búrẹ́dì àti ẹja sílẹ̀ de àwọn tó fi gbogbo òru ṣiṣẹ́. Nítorí náà kò sí ohun tó burú nínú kúlà oúnjẹ tí à ń gbé lọ sí Olúmọ tàbí sí pápá ilé ìwé. Ohun tó ń dùn mí ni kí ọmọdé lọ, kó jó, kó jẹun, kó sì padà wálé láìmọ ìdí tí wọ́n fi ń pe ibẹ̀ ní Gálílì. Ẹ sọ fún wọn nínú ọkọ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí mo bá jẹ ẹran lọ́jọ́ Ẹtì náà?

Ìjọ Àgùdà ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ má jẹ ẹran lọ́jọ́ yẹn. Bí ìjọ yín kò bá ní irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹ má fi dá ara yín lẹ́bi.

Mùsùlùmí ni ìdílé bàbá mi. Ṣé mo lè pín oúnjẹ ọdún fún wọn?

Ẹ pín in fún wọn. Wọ́n máa ń pín ẹran Iléyá fún yín.

Mi ò lówó aṣọ tuntun fún àwọn ọmọ. Ṣé kí n yá a?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ibì kankan nínú Ìwé Mímọ́ tí wọ́n ti béèrè aṣọ tuntun fún ọdún yìí. Ẹ fọ èyí tó wà, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ mú wọn wá sí ìsìn àárọ̀.

A ń ṣọ̀fọ̀ lọ́wọ́. Ó ń ni wá lára láti bá wọn yọ̀.

Ẹ wá pẹ̀lú ẹkún yín. Ẹkún ni Màríà Magidalénì ń sun lẹ́nu sàréè nígbà tí Jésù dúró tì í. Jésù bi í léèrè ìdí tó fi ń sunkún, ṣùgbọ́n Màríà kò mọ̀ pé Jésù ni. Ó rò pé olùtọ́jú ọgbà ni. Jésù wá pè é lórúkọ, "Màríà", ìgbà yẹn ló tó dá a mọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi tipátipá mú yín jó. Ẹ̀yin tí ilé yín sì ń dùn, bí ẹ bá mọ ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀ ní àdúgbò yín, ẹ bu oúnjẹ lọ síbẹ̀ kí ọkọ̀ Gálílì tó gbéra.