Open Amẹ́ríkà 2021: Ẹnìkan Àwọn Obìnrin

Emma Raducanu, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ẹni ọdún 18, ló gba ife-ẹ̀yẹ ẹnìkan àwọn obìnrin (níbi tí ẹnìkan ti ń kojú ẹnìkan) níbi ìdíje tẹ́nìs Open Amẹ́ríkà ọdún 2021. Ó na Leylah Fernandez, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ní 6–4, 6–3 nínú àṣekágbá tó wáyé ní pápá Arthur Ashe, ìlú New York, lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án. Láti ọdún 1968 tí ìdíje ńlá ti gba àwọn tó ń fi tẹ́nìs jẹun láyè, kò tíì sí ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà ìpegedé wọlé, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó gba ife ẹnìkan Grand Slam (ìdíje tẹ́nìs mẹ́rin tó ga jù lọ lágbàáyé) ṣáájú rẹ̀.

Ipò 150 lágbàáyé ni Raducanu wà nígbà tí ìdíje náà bẹ̀rẹ̀, ipò yẹn kò sì tó láti wọlé tààrà. Ó ní láti kọ́kọ́ borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìpegedé mẹ́ta, níbi tí eléré 128 ti ń du àyè 16 péré. Kò tilẹ̀ retí àtipẹ́ níbẹ̀: tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tí yóò gbé e padà sílé ti wà nílẹ̀ fún ìgbà tí ìpegedé bá parí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá ló wá gbá lápapọ̀, sẹ́ẹ̀tì 20 (ìyẹn ìpín eré, ẹni tó bá kọ́kọ́ gba méjì ló borí), kò sì pàdánù ẹyọ kan. Lára àwọn tó fẹ̀yìn wọn gbálẹ̀ ni Sara Sorribes Tormo (6–0, 6–1), Belinda Bencic tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba góòlù Òlíḿpíìkì ní Tokyo, àti Maria Sakkari.

Ọ̀nà tí Fernandez gbà le ju ti Raducanu lọ. Òun tó wà ní ipò 73 ló lé Naomi Osaka, ẹni tí ife náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, jáde ní ìpele kẹta (5–7, 7–6, 6–4). Lẹ́yìn ìyẹn ló borí Angelique Kerber, Elina Svitolina àti Aryna Sabalenka, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta-mẹ́ta sì ni gbogbo wọn gbà. Ọjọ́ kejì ìṣẹ́gun rẹ̀ lórí Kerber ló pé ẹni ọdún 19.

Serena Williams kò kópa nítorí ìfarapa ẹsẹ̀. Ashleigh Barty, ẹni àkọ́kọ́ lágbàáyé nígbà náà, ṣíwájú Shelby Rogers pẹ̀lú 5–2 ní sẹ́ẹ̀tì ìkẹta kí Rogers tó yí i padà ní ìpele kẹta. Lọ́wọ́ Raducanu, Rogers yìí kan náà kò rí ju géèmù (ìpín kéékèèké inú sẹ́ẹ̀tì) mẹ́ta lọ.

Àwọn ọ̀dọ́langba méjì kò tíì jọ dé àṣekágbá Grand Slam àwọn obìnrin mọ́ láti ọdún 1999, nígbà tí Serena Williams na Martina Hingis ní pápá kan náà. Ní 5–3 sẹ́ẹ̀tì kejì, Raducanu ń ṣe sáàfù (gbígbá bọ́ọ̀lù tó ń bẹ̀rẹ̀ eré) láti parí eré nígbà tó yọ̀ ṣubú, tí orúnkún rẹ̀ bó, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde. Òfin ní kí wọ́n dá eré dúró kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Inú Fernandez kò dùn sí i, nítorí àǹfààní àtigba géèmù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò yẹn. Nígbà tí wọ́n padà, Raducanu gba àǹfààní ọ̀hún mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì fi sáàfù tí ráákẹ́ẹ̀tì Fernandez kò kàn parí rẹ̀.

Owó mílíọ̀nù méjì àbọ̀ dọ́là ló tẹ̀lé ife náà, ó sì gbé Raducanu sí ipò 23 lágbàáyé. Virginia Wade, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó gba ife ẹnìkan Grand Slam gbẹ̀yìn ṣáájú rẹ̀, ní Wimbledon lọ́dún 1977, wà láàárín àwọn òǹwòran lọ́jọ́ náà.