Ìlú Kọ̀ọ̀kan Ló Ní Aago Òòrùn Tirẹ̀

Ní ọdún 263 ṣáájú ìbí Kristi, lẹ́yìn tí ọmọ ogun Róòmù gba ìlú Kàtáníà ní Sísílì, Manius Valerius Messalla, aṣáájú wọn, kó aago òòrùn kan bọ̀ láti ibẹ̀, ìyẹn òkúta tí a fín ìlà sí, tí òjìji ọ̀pá fi ń sọ wákàtí lórí rẹ̀. Ó gbé e ka orí òpó ní gbàgede ìlú Róòmù. Ọdún 99 ni wọ́n fi ń wò ó kí Quintus Marcius Philippus tó gbé èyí tó péye tì í. Ohun tó ṣe ti Kàtáníà ni pé Kàtáníà ni wọ́n fín in fún.

Vitruvius, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́, kọ ìwọ̀n òjìji ìlú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, lọ́jọ́ tí ọ̀sán àti òru bá gùn dọ́gba, ọ̀pá tí a pín sí ìdá 9 máa ń ní òjìji ìdá 8 ní Róòmù. Ní Áténì, ọ̀pá 4 á ní òjìji 3. Ní Alẹkisáńdíríà, ọ̀pá 5 á ní 3. Ẹ wá ṣírò ti Kàtáníà: ọ̀pá 9, òjìji kò pé 7. Ní Èkó, bíi 1 péré ni. Ìlà tí a fín fún 7, báwo ni yóò ṣe gba 8? Ìlà tó ń fi ìgbà ọdún hàn ló ń kọ́kọ́ ṣìnà. Wákàtí ọ̀sán gangan kì í yẹ̀ bí aago bá kọjú síbi tó yẹ.

Bí wọ́n ṣe ń wá ibi tó yẹ náà nìyí. Ẹ ri ọ̀pá mọ́ ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ fi okùn tí a so òkúta mọ́ wò ó bóyá ó dúró ṣánṣán. Nígbà tí òjìji bá ṣì gùn láàárọ̀, ẹ fa òbìrí yí ìdí ọ̀pá ká, kí orí òjìji kọjá rẹ̀ díẹ̀. Òjìji á máa súnkì. Ibi tí orí rẹ̀ bá ti kan òbìrí, ẹ sàmì sí i. Lọ́sàn-án, yóò tún nà dé òbìrí. Ẹ sàmì kejì. Ìlà tó ti ìdí ọ̀pá gba àárín àmì méjèèjì ni àríwá sí gúúsù.

Orí òjìji ló ń dààmú ènìyàn jù: bí ọ̀pá bá ṣe ga tó ni etí òjìji rẹ̀ ń rí bàìbàì tó. Nítorí èyí ni wọ́n fi gbé bọ́ọ̀lù aláwọ̀ wúrà lé orí òpó òkúta Íjíbítì tí Augustus, olú ọba Róòmù, gbé nàró ní Róòmù bí ọ̀pá aago òòrùn. Síbẹ̀, nígbà ayé Pliny, òǹkọ̀wé ará Róòmù, ó ti tó bí 30 ọdún tí òjìji rẹ̀ kò bá ìlà mu mọ́. Lára ohun tí Pliny fura sí ni pé ìpìlẹ̀ òpó náà ti rì. Nítorí náà, okùn olókùúta yẹn, ẹ máa dá a padà sára ọ̀pá lóòrèkóòrè, pàápàá lẹ́yìn òjò ńlá.