Òrùka tó wà lẹ́sẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ

Lọ́dọọdún, bí òtútù bá ti ń sún mọ́lé ní Kánádà, àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó á gbéra, wọ́n á máa fò lọ sí gúúsù. Àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà á ti ba dè wọ́n nínú àbàtà, láti Minnesota títí dé Louisiana. Ìjọba ló ń sọ iye ọjọ́ tí ọdẹ lè fi yìnbọn àti iye ẹyẹ tí ẹnì kan lè pa lóòjọ́. Wọn kì í ṣàdéédé dá iye yìí. Ìṣirò ló bí i, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n sì fi ń ṣe ìṣirò náà, ọwọ́ ọdẹ fúnra rẹ̀ ló ti ń wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùka. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, kí àsìkò ọdẹ tó wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ á da àgbàdo sínú àgò onírin létí omi. Pẹ́pẹ́yẹ tó bá wọlé wá jẹun kò ní rí ọ̀nà jáde. Wọ́n á wò ó bóyá akọ ni tàbí abo, bóyá ọmọ ọdún yìí ni tàbí àgbà. Wọ́n á fi òrùka alumíníọ̀mù sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n á kọ nọ́ńbà ara òrùka náà sílẹ̀, wọ́n á sì tú ẹyẹ náà sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ yìí wà ní Maryland. Frederick Lincoln ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ní 1920, nígbà tó sì di 1930, ó ti kọ bí a ṣe lè fi òrùka díẹ̀ mọ iye ẹyẹ tí kò ṣeé kà.

Bó ṣe rí nìyí. Ká ní pẹ́pẹ́yẹ 1,000 ló ní òrùka, tí àwọn ọdẹ sì pa 100 nínú wọn. A jẹ́ pé nínú mẹ́wàá, ọ̀kan ló kú sọ́wọ́ ọdẹ. Bó bá wá hàn pé gbogbo pẹ́pẹ́yẹ tí ọdẹ pa lọ́dún náà, olórùka àti aláìlórùka, jẹ́ 500,000, a mọ̀ pé mílíọ̀nù 5 ni wọ́n nígbà tí àsìkò bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kà wọ́n ní oókan-oókan.

Ṣùgbọ́n ọdẹ lè pa ẹyẹ olórùka kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú 100 yẹn, bó bá jẹ́ 33 péré ni ìròyìn wọn dé Maryland, ìṣirò kan náà á fo láti mílíọ̀nù 5 lọ sí ohun tó lé ní mílíọ̀nù 15. Ẹyẹ tí kò sí rárá á ti wọnú ìwé! Èyí kì í ṣe àlá o: ní ìparí àwọn ọdún 1980, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta òrùka ni wọ́n ń ròyìn. Ọ̀nà tí wọ́n fi mọ̀ dùn mọ́ni. Wọ́n fi òrùka tí wọ́n kọ owó ẹ̀bùn sí, tó tó $100, sí àwọn kan lẹ́sẹ̀. Ta ni yóò fi ọgọ́rùn-ún dọ́là sílẹ̀? Wọ́n wá fi iye olówó tó padà wé iye aláìlówó tó padà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ló sọ iye àwọn tó dákẹ́. Nígbà tí wọ́n fi nọ́ńbà fóònù ọ̀fẹ́ sára òrùka ní àárín àwọn ọdún 1990, ìròyìn pọ̀ sí i gidigidi. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí.

Ti iye tí wọ́n pa ńkọ́? Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ pa ẹyẹ aṣíkiri gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Wọ́n á mú àwọn kan nínú wọn pé kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n pa sílẹ̀, wọ́n á sì fún àwọn mìíràn ní àpòòwé tí wọ́n ti sanwó rẹ̀, kí wọ́n gé ọ̀kan nínú apá méjèèjì tí pẹ́pẹ́yẹ kọ̀ọ̀kan fi ń fò, kí wọ́n fi ránṣẹ́. Tí àsìkò bá parí, àwọn onímọ̀ á kóra jọ yí tábìlì ká, wọ́n á máa tú apá wọ̀nyí wò. Ìyẹ́ ọmọ ọdún yìí kò jọ ti àgbà, ti akọ kò sì jọ ti abo. Bí ọmọdé bá pọ̀ ju àgbà lọ dáadáa, ìtẹ́ ti mú ọmọ jáde lọ́dún náà nìyẹn. Àmọ́ ọmọdé kì í gbọ́n tó àgbà, ìbọn máa ń tètè bá a, nítorí náà wọ́n tún gbọ́dọ̀ padà sórí òrùka láti mọ bí ìyàtọ̀ yẹn ṣe tó kí wọ́n tó gba ohun tí apá sọ gbọ́.

Láti 1955, ọkọ̀ òfuurufú náà ń kà. Ní oṣù karùn-ún, ọkọ̀ kéékèèké á máa fò nílẹ̀-nílẹ̀ lórí Alaska, Kánádà àti àríwá Amẹ́ríkà, wọn kì í ga ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 150 lọ. Pẹ́pẹ́yẹ tó bá wà láàárín 200 mítà ní apá ọ̀tún àti òsì nìkan ni wọ́n ń kà. Akọ tó bá dá wà, méjì ni wọ́n ń kà á sí, torí pé abo rẹ̀ ń sàba níbì kan nínú koríko. Àwọn mìíràn á fi ẹsẹ̀ rin díẹ̀ nínú ilẹ̀ náà láti mọ iye tí ojú òkè kò rí. Ní 2024, àpapọ̀ jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 34. Kòrónà dá ọkọ̀ náà dúró ní 2020 àti 2021, ìṣirò tí wọ́n gbé ka àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá ni wọ́n sì fi ṣòfin.

Wọ́n tún ń ka ọ̀gọ̀dọ̀ omi. Lójú tèmi, iye yìí ló yẹ kí ọdẹ kọ́kọ́ máa béèrè. Ní pápá tó ti Alberta wọ Dakota, ihò kéékèèké tí yìnyín ayé àtijọ́ fi sílẹ̀ ń gba omi, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú pẹ́pẹ́yẹ ilẹ̀ náà ti ń yé. Tí ọ̀dá bá dá, tàbí tí àgbẹ̀ bá fa omi náà gbẹ, kò sí iye ọjọ́ ọdẹ tí a lè dín kù tí yóò dá ẹyẹ padà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ tó ti pé ọmọ ọdún 16 fi gbọ́dọ̀ ra sítáǹpù ìjọba àpapọ̀. Dọ́là 1 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1934, ó ti di $25, sẹ́ǹtì 98 nínú dọ́là kọ̀ọ̀kan sì ń lọ sórí ríra ilẹ̀ olómi àti dídáàbò bò ó.

Láti 1995, gbogbo iye wọ̀nyí ni wọ́n ń kó pọ̀ lọ́dọọdún láti yan òfin àsìkò tó ń bọ̀: kó le, kó wà láàárín, kó rọ̀, tàbí kí wọ́n má ṣe ọdẹ rárá.

Ọ̀pọ̀ ọdẹ ń so òrùka mọ́ okùn fèrè tí wọ́n fi ń pe pẹ́pẹ́yẹ, kó máa wà lọ́rùn wọn, bí ọdẹ ilé wa ṣe ń gbé agbárí ẹran ńlá kọ́ ara ògiri. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gba òrùka lọ́wọ́ wọn. Nọ́ńbà nìkan ni Maryland ń béèrè, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí ẹyẹ ti kú. Wọ́n á sì sọ fún ọdẹ náà ibi tí wọ́n ti fi òrùka sí i àti ọdún tí wọ́n fi sí i. Òrùka tó ti pẹ́ nínú dúrọ́ọ̀ náà ṣì ṣeé ròyìn.