LUN kì í ṣe fódà tí gbogbo server lè jọ ṣí

Ká fi ti bí wọ́n ṣe ń to dísìkì jọ sílẹ̀. Ó tó láti mọ̀ pé àpótí ńlá kan ni SAN (nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń so server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn, mọ́ ibi ìpamọ́ dátà) ń kó dísìkì sí, pé àpótí náà ń gé àyè inú wọn sí abala, àti pé abala kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́ LUN. Nọ́ńbà ni orúkọ yìí (Logical Unit Number) tẹ́lẹ̀, èyí tí SCSI, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá dísìkì sọ̀rọ̀, fi ń ya abala kan sọ́tọ̀ sí èkejì, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ ti fi ń pe abala náà fúnra rẹ̀. LUN lè gba wáyà Fibre Channel dé ọ̀dọ̀ server, ó sì lè gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì lásán nípasẹ̀ iSCSI, ìyẹn SCSI tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tó bá ti débẹ̀, lójú server, dísìkì inú ara òun ni.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Under G, nítòsí LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, fódà kan sì wà lórí ọ̀kan tí àwọn mẹ́ta yòókù ń ṣí. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tẹ prójẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́ tán, ó jù ú sínú fódà, ẹni tó wà nídìí prínta sì mú un jáde. Kò sí wàhálà. Ẹni tó ti mọ́ lára báyìí, tó bá gbọ́ pé LUN kan lè já sí server méjì, á ní ohun kan náà ni. Kì í ṣe ohun kan náà rárá, èrò yìí sì ń ba dátà jẹ́ nígbà tí ara gbogbo dísìkì le koko.

Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń kọ nǹkan sórí dísìkì. Àwọn yòókù ń rán an níṣẹ́ ni: bá mi tọ́jú èyí, bá mi gbé tọ̀hún wá. Àpótí SAN kò mọ fáìlì, kò mọ fódà. Búlọ́ọ̀kù, ìyẹn àyè kéékèèké tó ní nọ́ńbà lórí dísìkì, ló mọ̀: kọ èyí sí búlọ́ọ̀kù 40960, ka búlọ́ọ̀kù 7 fún mi. Server ló mọ èyí tó ṣófo àti èyí tó ti kún, nípasẹ̀ filesystem (ètò tó ń to fáìlì sórí dísìkì) tó tò sórí LUN náà, bí ext4 tàbí NTFS.

Ẹ wo ìyá alájọ kan ní Sábó. Oníbàárà dé, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀; ó ti wà nínú orí rẹ̀ pé ojú ìwé 61 ló kàn. Ó kọ orúkọ aláta síbẹ̀. Kò lè ṣì í, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ òun nìkan ló ń kọ ọ́. Àbúrò rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba àjọ sínú ìwé kan náà. Òun ti yẹ ìwé wò láàárọ̀, ó wà lórí tirẹ̀ náà pé 61 ló kàn. Nígbà tó dọ̀sán, ó kọ orúkọ ẹlẹ́lùbọ́ lé aláta lórí. Ẹnikẹ́ni ò jalè, ẹnikẹ́ni ò purọ́, ìwé ò ya. Owó aláta ti wọgbó lọ, wọn ò sì ní mọ̀ títí dọjọ́ tí yóò wá kó àjọ rẹ̀.

Bí ext4 ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Inú mẹ́mórì server ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àyè tó ṣófo sí. Kì í tún padà lọ yẹ LUN wò bóyá ẹlòmíràn ti kọ nǹkan síbẹ̀. Àwọn filesystem bíi VMFS, GFS2 àti OCFS2 ni wọ́n ṣe fún ìwé tí ọ̀pọ̀ ń kọ: server á kọ́kọ́ ti ojú ìwé mọ́ ara rẹ̀ kó tó kọ ọ́. Níbi tí kò bá ti sí irú wọn, LUN kan, server kan.

Nítorí náà ni èyí tó le jù nínú iṣẹ́ alábòójútó SAN fi jẹ́ ta ló gbọ́dọ̀ rí kí ni. Switch, ẹ̀rọ tí wáyà àwọn server àti ti àpótí jọ wọ̀, ń sọ ojú ihò wáyà (port) tó lè bá òmíràn sọ̀rọ̀. Àpótí fúnra rẹ̀ tún ní ìwé orúkọ: káàdì Fibre Channel kọ̀ọ̀kan ní WWN tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, àmì 16 tí wọ́n ń kọ ní méjì-méjì. WWN tí kò bá sí lábẹ́ LUN kan, LUN náà kò sí láyé lójú rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá nìyí. Bí server kan bá kú, wọ́n á yọ WWN rẹ̀, wọ́n á fi ti òmíràn sí i, dátà ò sì ní kúrò lójú kan.

Àbùkù tó wà níbẹ̀ ni pé àpótí kò lẹ́nu láti kìlọ̀. Bí wọ́n bá ṣèèṣì fi WWN méjì tó jẹ́ ti server ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sábẹ́ LUN kan, á jẹ́ fún àwọn méjèèjì. SCSI ní àṣẹ tí server fi lè gba LUN mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́, àmọ́ àfi kí server bèèrè, ext4 kì í sì í bèèrè. Ohun tí ext4 ní ni MMP: ó ń kọ àmì sórí LUN lóòrèkóòrè, kí server tó bá fẹ́ ṣí i lẹ́yìn rí àmì náà kó sì kọ̀. Wọn kì í tan án sílẹ̀ fúnni, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó wà lórí gbogbo ext4 tó bá wà lórí SAN. Tú filesystem náà kúrò lórí server ná (unmount), kí o wá fi àṣẹ tune2fs -O mmp tàn án.