Ẹ ṣe upgrade kernel tán, nẹ́tíwọ̀kì wá ń wọ́: ibo lẹ máa kọ́kọ́ wò?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Linux ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, pàápàá ẹ̀yin oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Under G, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí torí owó tó ń bá a lọ. Èèyàn á ṣe upgrade lálẹ́, tílẹ̀ bá mọ́, fáìlì tó máa ń kọjá wàrà láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì á wá máa wọ́ nílẹ̀, ló bá di pé ó ń bú àwọn tó ń ta dátà fún un, ó ra dátà míì, ó pààrọ̀ router, bẹ́ẹ̀ inú kọ̀ǹpútà ẹ̀ níbẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Kernel ló dúró sáàárín àwọn app yín àti irin tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ wò ó bí alága gáréèjì, ọkọ̀ kankan ò lè gbéra kó má gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ ti Linux lọ́dún 1991, wọn ò sì tíì yéé tún un ṣe. Inú ẹ̀ ni driver wà, ìyẹn kóòdù tó mọ bí wọ́n ṣe ń darí káàdì nẹ́tíwọ̀kì, tí kernel bá yí padà driver náà lè yí padà, ibẹ̀ ni wàhálà ti sábà máa ń yọjú.

Àmọ́ ẹ má tíì fẹ̀sùn kàn án o, ẹ kọ́kọ́ wá ẹ̀rí. Ẹ ṣí terminal, ibi tẹ́ ẹ ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ, ẹ tẹ uname -r kẹ́ ẹ mọ kernel tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ubuntu, tó jẹ́ ọ̀kan lára irú Linux tó wà, kì í sábà yọ kernel ti tẹ́lẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀, tẹ́ ẹ bá tan ẹ̀rọ, ẹ wọ Advanced options níbi GRUB, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ti ń yan kernel tí ẹ̀rọ máa fi tan, ẹ mú ti àtijọ́. Wáyà kan náà, kọ̀ǹpútà méjì kan náà, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan míì. Ẹ wá fi iperf3, app tó ń wọn iyára láàárín kọ̀ǹpútà méjì, wọ̀n ọ́n lórí kernel méjèèjì, iperf3 -s lórí kọ̀ǹpútà kan, iperf3 -c àti IP address ti àkọ́kọ́ yẹn lórí èkejì. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé íntánẹ́ẹ̀tì ò sí nínú ẹ̀ rárá, kò kan ẹni tó ń ta dátà.

Wáyà gigabit (1000 megabit) tó dáa máa ń gbé bíi 940 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí kernel àtijọ́ bá fún yín ní 940 tí tuntun wá fún yín ní 94, á jẹ́ pé 100 ni káàdì àti switch (àpótí tí wáyà àwọn kọ̀ǹpútà ti pàdé) fẹnu kò sí dípò 1000. Ẹ tẹ ethtool, àṣẹ tó ń fi ipò káàdì nẹ́tíwọ̀kì hàn, pẹ̀lú orúkọ káàdì yín, ẹ ó rí i níwájú Speed.

Tí Speed bá ṣì jẹ́ 1000, ethtool -i á sọ orúkọ driver. Ẹlòmíì ti fọwọ́ ara ẹ̀ fi driver tó ń jẹ́ r8168 sí káàdì Realtek ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kernel tuntun dé, r8168 ò bá a ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ bá bọ́ sórí r8169, driver tó wà nínú kernel fúnra ẹ̀, láì sọ fẹ́nikẹ́ni. Ẹ tún wo ethtool -k, tó ń fi àwọn offload hàn, lórí kernel méjèèjì, kẹ́ ẹ fi wéra. Offload ni iṣẹ́ tí káàdì ń gbà ṣe fún CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, bíi gígé dátà sí wẹ́wẹ́, tó bá ti di off, CPU á máa dá a ṣe, ẹ lè rí ksoftirqd, iṣẹ́ inú kernel tó ń bójú tó dátà nẹ́tíwọ̀kì, tó ń jẹ CPU nínú top, àṣẹ tó ń fi ohun tó ń lo CPU hàn.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe àṣìṣe ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Meltdown àti Spectre, àléébù ààbò inú CPU, hàn síta ní oṣù kìíní 2018, àtúnṣe tí wọ́n fi sínú kernel dín iyára kù, ẹ̀rọ tó ń rán packet (ègé dátà) kéékèèké púpọ̀ ló mọ̀ ọ́n lára jù. Ààbò ni o, èmi ò ní ní kẹ́nikẹ́ni pa á lórí kọ̀ǹpútà tí kọ́sítọ́mà ń jókòó sí.

Tó bá wá dájú pé driver ni, ẹ dúró sórí kernel àtijọ́ fúngbà díẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà iperf3 méjèèjì àti dmesg (ọ̀rọ̀ tí kernel kọ sílẹ̀) ránṣẹ́ sáwọn tó ń ṣe distro yín, ìyẹn irú Linux tẹ́ ẹ ń lo, tí kernel míì bá sì dé, ẹ tètè dán an wò, torí ti àtijọ́ yẹn ò ní rí àtúnṣe ààbò gbà mọ́.