Ọ̀yà

Ọ̀yà (Thryonomys swinderianus) jẹ́ ẹranko afọ́mọlọ́mú tó ń jẹ koríko. Ó jọ eku, ṣùgbọ́n òòrẹ̀ ló bá tan jù. Ní Benin, àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní agouti, bẹ́ẹ̀ ẹranko mìíràn ní Gúúsù Amẹ́ríkà ló ni orúkọ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kà nípa sísin rẹ̀ lédè Faransé, aulacode ni kó máa wá.

Akọ tó dàgbà sábà máa ń wọn kílò 4 sí 6. Abo kéré jù bẹ́ẹ̀. Irun rẹ̀ le, eyín iwájú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ilà 3 sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan èyí tó wà lókè. Awọ ìrù rẹ̀ tètè ń bọ́. Ìdí ìrù gan-an, níbi tó ti so mọ́ ara, ni kí a ti dì í mú. Ẹni tó bá di ṣóńṣó ìrù mú, awọ nìkan ni yóò kù sí i lọ́wọ́.

Ilẹ̀ àbàtà odò Wémẹ̀ lẹ́bàá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti inú eèsún ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ bá a lára mu. Òru ló ń jẹ̀. Ó máa ń gé ìrèké àti àgbàdo nídìí, nítorí náà ni àwọn àgbẹ̀ kò ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lóko.

Láàárín ọdún 1980 sí 1989 ni Benin àti Jámánì jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí sísin ọ̀yà nílé. Akọ 1 pẹ̀lú abo 4 ni a sábà ń kó sínú ilé kan tí a fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ nílẹ̀. Akọ 2 kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Wọn á bu ara wọn jẹ títí ọ̀kan yóò fi kú.

Oúnjẹ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Koríko tí òjò tàbí ìrì ṣì wà lára rẹ̀ máa ń wú ọ̀yà níkùn, ó sì lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí a gé eèsún sílẹ̀ lábẹ́ ibòji kó rọ kí a tó fún wọn. Igi eèsún náà ṣe pàtàkì ju ewé lọ, torí eyín ọ̀yà kì í yé hù: èyí tó bá ń jẹ ìyẹ̀fun nìkan, eyín rẹ̀ á gùn débi tí kò ní lè jẹun mọ́. A lè fi àgbàdo, ẹ̀gẹ́ gbígbẹ àti iyọ̀ díẹ̀ kún un.

Oyún ọ̀yà tó nǹkan bí oṣù 5. Kí a má bàa máa retí lásán, a máa ń fi òwú díẹ̀ kan ojú ara abo ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí akọ bá ti gùn ún. Bí òwú bá jáde ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa, ó lóyún. Bó bá funfun, kí a dá a padà sọ́dọ̀ akọ. Ariwo ajá tàbí ìbẹ̀rù lóru lè mú kí oyún wálẹ̀.

Ọmọ bíi 4 ni ó sábà ń bí. Ojú wọn ti là, irun ti bò wọ́n, wọn á sì tètè máa sáré. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 ni a ń já wọn lẹ́nu ọmú. Ọjọ́ náà ni kí a ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo: àlàfo tó wà láàárín ihò ìdí àti ojú ara akọ gùn tó ìlọ́po 2 ti abo.